Ìkíni tí Kò Rí Ìdáhùn

Ajégúnlẹ̀, Èkó.
11 oṣù Kejì, 2024.

Ẹ̀rínọlá, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù. Wọ́n ní ó ń sọ omi di òkúta lọ́hùn-ún. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó bá ẹ̀jẹ̀ rẹ ṣeré. Èmi wà láàyè, mo ń jẹun, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi jà.

Má bínú pé mi ò gbé fóònù lọ́jọ́ tí o pè. Má wulẹ̀ pè mọ́. Ariwo ni wọ́n dì sínú ẹ̀rọ yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Èmi Dáramọ́lá Ọládòṣù tí mo wa kírénì ní èbúté Kirikiri Lighter Terminal títí irun fi funfun lórí mi, mi ò ní máa pariwo "Hẹ́lò! Hẹ́lò!" bí ẹni ń lé ewúrẹ́ nídìí èlùbọ́. Lẹ́tà ni kí o máa kọ. Bernice, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì wa, á máa fi tèmi ránṣẹ́ sí ọ lórí kọ̀ǹpútà, á sì máa tẹ tìrẹ sórí bébà fún mi ní ọjọ́ Ìsinmi. Kì í ṣe olófòófó.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. Àwọn ará ilé yìí ti kẹ̀yìn sí mi. Ilé tí a ti ń gbé láti ìgbà ayé ìyá rẹ, tó jẹ́ pé tá a bá se ìrẹsì Kérésì, gbogbo yàrá ni abọ́ ń kárí! Ní báyìí wọ́n ń kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára òpó iná. Àní Perpetual, ìyá Maro, ọmọ Urhobo tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. O mọ̀ pé ìyá rẹ ló gbé e dé ọsibítù lọ́jọ́ tó bí Maro. Láràárọ̀ ló máa ń kúnlẹ̀ kí mi, "Papa, Migwo." Èmi á ní, "Vrẹndo." Àṣà wọn ni pé ẹni tó kúnlẹ̀ kì í dìde títí àgbà á fi dá a lóhùn, mo sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fà á díẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ Migwo yẹn kẹ́yìn. Kí ni mo ṣe fún un? Torí pé ọmọ mi wà lókè òkun ni. Ìlara ni, kò sí nǹkan mìíràn.

Tí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, bá mi ra rédíò kékeré kan. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kò sọ̀rọ̀ sókè mọ́, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni jalè.

Èmi ni bàbá rẹ.


Hull, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
25 oṣù Kejì, 2024.

Bàbá mi,

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ o. Ẹ kú ìdágbé, ẹ kú ìfaradà. Orúnkún yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́tà yín kó mi láyà sókè. Tó bá jẹ́ pé mo lè wálé ni, ọ̀la ni ẹ̀ bá rí mi. Ṣùgbọ́n káńpánì tó mú mi wá ló so ìwé ìgbélùú mi mọ́ iṣẹ́ wọn. Ilé àwọn arúgbó ni mò ń lọ kiri, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń wọṣọ fún wọn. Tí mo bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ìwé náà kú. Ìsinmi tí mo tọrọ, wọn ò tíì dá mi lóhùn. Bàbá ẹlòmíràn ni mò ń tọ́jú, bàbá tèmi wà láàárín ọ̀tá.

Ẹ jẹ́ kí Chibuike, wẹ́dà tó wà ní ìparí àdúgbò, ṣe géètì onírin sẹ́nu ọ̀nà yín, kó fi irin sójú fèrèsé náà. Màá fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ tì í pa, kí kọ́kọ́rọ́ má kúrò lápò yín. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé oúnjẹ wá, ẹ ní ẹ ti yó. Ó ti di ọdún méjì tí mo ti ń gbé fúláàtì yìí, mi ò mọ orúkọ ẹni tí ògiri kan ṣoṣo là lágbedeméjì èmi pẹ̀lú rẹ̀. A máa ń mi orí síra wa ni. Kò sí ìjà, kò sí àròyé, ẹnikẹ́ni ò dá ẹnikẹ́ni láàmú. Ẹ jẹ́ kí tiyín náà rí bẹ́ẹ̀.

Rédíò ń bọ̀.

Ẹ̀rínọlá yín.


Ajégúnlẹ̀.
17 oṣù Kẹta, 2024.

Ẹ̀rínọlá,

O ṣeun, ọmọ tó mọ ojú owó àti ojú bàbá. Wàá jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.

Géètì ti dúró. Irin tó nípọn ni Chibuike lò, ó kùn ún ní dúdú. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bó ṣe ń jó o pọ̀. Mo ń mi orí fún un, torí ta ló fẹ́ gbọ́ ìtàkùrọ̀sọ wẹ́dà? Láti ọjọ́ náà, inú ilé ni mo wà, bí adìyẹ inú àgò. Àárín irin ni mo ti ń wo àgbàlá. Mo ń rí wọn tí wọ́n ń pọnmi, tí wọ́n ń fọṣọ, tí ẹnu wọn ń mì bí ẹni ń jẹ obì. Wọ́n á wo ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á tún máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Èmi ni wọ́n ń sọ, mo mọ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà ti sú mi. Àlùfáà tuntun tí wọ́n gbé wá, inú irùngbọ̀n ló ń wàásù sí. Tí ìjọ bá rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà ní mo gbéraga. Lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́, mo ti gba lẹ́tà mi lọ́wọ́ Bernice, mo ti dé ilé.

Gbọ́ èyí tó burú jù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo kẹ̀yìn sí géètì, mo ń lọ ẹ̀wù mi. Bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn báyìí, Perpetual rèé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú géètì mi gan-an, ọwọ́ rẹ̀ kan símẹ́ǹtì! Bí ojú wa ṣe ṣe mẹ́rin, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Kí ni ó ń sin síbẹ̀? Ẹ̀rínọlá, kí ni ó ń wá nílẹ̀ ẹnu ọ̀nà mi? Mi ò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Mo mú òróró àdúrà, mo ka Sáàmù kan, mo da òróró náà sójú ibẹ̀ ní ìṣojú gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kó bínú.

Rédíò tí o fi ránṣẹ́ náà ò sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ti rẹ́ ọ jẹ.

Bàbá rẹ tí ó ṣì ń ṣọ́ra.


Hull.
6 oṣù Kẹrin, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ foríjì mí, inú mi ò dùn láti kọ èyí.

Màmá Maro pè mí lánàá. Ẹkún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀rín, wetin I do Papa?" Wọ́n ní láràárọ̀, kí wọ́n tó lọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n máa ń kúnlẹ̀ kí yín bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ẹ ò sì ní dá wọn lóhùn. Wọ́n á wà lórí símẹ́ǹtì yẹn títí orúnkún á fi máa ta wọ́n, gbogbo ilé á máa wò wọ́n, ẹ̀yin á kẹ̀yìn sí wọn. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ẹ wí, ìkíni ni wọ́n ń kí yín, Bàbá! Kò sí nǹkan tí wọ́n ń sin. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbọ́ pé ẹ da òróró sójú orúnkún wọn. Wọ́n ní, "Papa don take me for witch."

Bàbá, kí ló dé? Èmi ni mo ní kí ẹ tilẹ̀kùn, mi ò ní kí ẹ sọ ènìyàn di àjẹ́. Màmá Maro tó ń di irun mi nígbà tí màmá wà lórí àìsàn! Ẹ dákun, ẹ pè wọ́n, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì ní nǹkan sí wọn nínú, ẹ sọ ọ́ síta ká lè mọ̀.

Ẹ gbé fóònù tí mo bá pè. Ohùn yín ń wù mí í gbọ́.

Ẹ̀rínọlá.


Ajégúnlẹ̀.
21 oṣù Kẹrin, 2024.

Ẹ̀rínọlá,

Irọ́ ni! Irọ́ tó jìnnà sí òótọ́! Obìnrin yẹn ò kí mi. Bó bá kí mi, ṣé mi ò ní mọ̀ ni? Ta ló kọ́ ọ pé bàbá rẹ á fi ọmọlọ́mọ sórí ìkúnlẹ̀ kó máa wò ó níran? Èmi tí mo ń kí àwọn awakọ̀ ẹrù èbúté Tin Can tí mi ò mọ̀ rí?

Ẹnu kan ni o gbọ́ lórí fóònù, o dá ẹjọ́ mi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣé òkè òkun ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ lo ní kí n ti ara mi mọ́lé, ìwọ lo tún ń bèèrè ìdí tí mi ò fi bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Kí wá ni kí n ṣe? Kí n jáde, kí wọ́n máa wò mí? Kí n jókòó sílé, kí o máa bú mi?

Má kọ̀wé sí mi mọ́, àyàfi tó bá jẹ́ ìwé àforíjì.

D. Ọládòṣù.


Hull.
12 oṣù Karùn-ún, 2024.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin, ẹ foríjì mí. Ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé yìí dé ìparí.

Wọ́n yan bàbá arúgbó òyìnbó kan fún mi ní oṣù tó kọjá, Dennis ni wọ́n ń pè é. Tí mo bá wọlé, màá kí i láti ẹnu ọ̀nà, kò ní bojú wẹ̀yìn. Màá kí i lẹ́ẹ̀kejì, àga rẹ̀ ló máa dá mi lóhùn. Mo ní ah, èyí kò fẹ́ràn aláwọ̀ dúdú. Ni èmi náà bá pa ẹnu mi dé. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń nù ún lára, kò sí ọ̀rọ̀ láàárín wa, àwa méjèèjì ti dijú mọ́ra wa. Àfìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá lọ́jọ́rú, ó sọ fún mi pé, "Iwájú rẹ̀ ni kí o ti máa kí i. Etí rẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́, ojú sì ń tì í láti sọ."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wọn, Bàbá, mo sunkún. Kì í ṣe tìtorí Dennis.

Rédíò méjì tí ò sọ̀rọ̀ sókè. Fóònù tó jẹ́ ariwo lásán. Àlùfáà tó ń wàásù sínú irùngbọ̀n. Àwọn tí ẹnu wọn ń mì. Màmá Maro tó ń kí yín láti ẹ̀yìn. Ẹ dákun, ẹ má ya ìwé yìí. Ṣé etí yín ń gbọ́ràn?

Ìtìjú kọ́. Gbogbo ilé ló rò pé ẹ kò fẹ́ wọn mọ́, ẹ̀yin náà rò pé wọn ò fẹ́ yín. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa tú u. Mo lè pe Màmá Maro nísinsìnyí kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ara yín ni, ọ̀rọ̀ yín ni, mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé láti ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́. Ẹ ṣí géètì yẹn, ẹ sọ fún wọn fúnra yín. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, tí wọ́n bá ń pè yín ńkọ́?

Ọmọ yín tó ṣẹ̀ yín.


Hull.
16 oṣù Kẹfà, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ ò fèsì. Bernice ní ẹ ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, pé abẹ́ géètì ni òun ti lẹ́tà mi bọ̀. Ó ní ọwọ́ kan fà á wọlé, ó ní ọwọ́ yín ni. Nítorí náà mo mọ̀ pé ẹ kà á.

Ìsinmi tí mo tọrọ, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kò sí ènìyàn tó máa dúró fún mi. Mò ń wo fóònù bí aṣiwèrè.

Tí ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Keje bá parí tí mi ò rí ìwé yín, màá sọ fún Màmá Maro. Kí ẹ wá bínú sí mi títí ayé. Ó sàn kí ẹ bínú láàyè.

Ẹ̀rínọlá.


Ajégúnlẹ̀.
7 oṣù Keje, 2024.

Ẹ̀rínọlá, ọmọ mi àtàtà,

Jókòó kí o tó kà á. Mo wà láàyè, ọwọ́ mi ló ń kọ èyí, má fòyà.

Òótọ́ lo sọ. Etí mi ti kú. Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ, ti ọ̀tún sì tẹ̀lé e lẹ́yìn tí o ti rìnrìn àjò. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ẹni tí etí rẹ̀ bá kú, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ lórí kírénì, wọ́n á máa pè é ní adití níṣojú ọmọ rẹ̀. Orúkọ yẹn ni mò ń sá fún. Nígbà tí ìwé rẹ dé, mo gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Láràárọ̀ ni mò ń mú kọ́kọ́rọ́ dání, màá dúró nídìí géètì, gbólóhùn náà á wà lẹ́nu mi, ẹnu ò ní là. Mo ń wo Perpetual tó ń gbá iwájú yàrá rẹ̀. Kò kúnlẹ̀ mọ́ rárá. Mo ní kó di ọ̀la. Bí mo ṣe ń fi ọ̀la lọ́la nìyẹn, Ẹ̀rínọlá, inú ilé ara mi di ẹ̀wọ̀n, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò mi.

Ọjọ́ kejì oṣù yìí, ní ọ̀sán, gáàsì gbiná nínú ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn yàrá wa. Mo kẹ̀yìn sílẹ̀kùn, mo ń ka Bíbélì. Wọ́n ní gbogbo ilé kígbe, wọ́n ní àwọn ọmọ ń sunkún, àwọn èèyàn ń ju ẹrù síta. Èmi ń ka Bíbélì. Èéfín ni mo kọ́kọ́ rí, lórí ojú ìwé tí mò ń kà. Nígbà tí mo máa fi yíjú, kò sí afẹ́fẹ́ mọ́. Mo wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ẹ̀wù, ẹ̀wù mìíràn ni mo wọ̀. Mo ń ra ilẹ̀ káàkiri, ojú ń ta mí, mo ní báyìí ló ṣe máa parí nìyẹn.

Wọ́n ní àwọn tó ti sá dé títì bẹ̀rẹ̀ sí ka ara wọn. Perpetual ló bèèrè pé, "Papa ńkọ́?" Ẹnì kan ní bóyá mo ti jáde. Ó ní rárá, òun ò rí mi kí n jáde. Ó sáré padà sínú èéfín. Chibuike gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé irin tẹ̀lé e, ó ń gé géètì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ohun tí mo rí ni iná tó ń tú yàà lára irin, pẹ̀lú ọwọ́ obìnrin kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá, tó di ọrùn ẹ̀wù mi mú. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà, mo rí ọ̀fun rẹ̀. Ó ń pè mí, Ẹ̀rínọlá, ó ń pè mí pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Irin tí wọ́n ń gé ti gbóná, apá rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kò sì jọ̀wọ́ mi. Apá yẹn ti bó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnwọ́. Ó ń gba ìtọ́jú, wọ́n ní yóò sàn, àmọ́ àpá á wà níbẹ̀.

Lójú títì, wọ́n yí mi ká, gbogbo ẹnu ń mì. Mo ní, "Ẹ dákẹ́. Mi ò gbọ́ yín. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbọ́ yín. Adití ni mí." Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín títì, mo sì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Perpetual wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ rẹ̀ tó dára gbá mi láyà, gbì, gbì, bí ẹni ń lu ìlẹ̀kùn. Maro kọ ohun tó ń wí sórí fóònù fún mi: "Papa, ṣé kí iná pa yín ló yẹ ká fi mọ̀?"

Yàrá ẹ̀yìn ti jó, yàrá iwájú ṣẹ́kù. Chibuike fẹ́ tún géètì náà jó, mo ní kó kó irin rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí n sùn. O kọ ọ́ sí mi pé o ò mọ orúkọ ẹni tí ògiri kan là yín láàárín, pé kò sí ìjà, kò sí àròyé. Mo gbà á bí ọgbọ́n nígbà náà. Ọmọ mi, bí èéfín bá bo ilé yẹn, tí gbogbo wọn sá dé títì tí wọ́n ń ka ara wọn, ta ni yóò bèèrè pé Ẹ̀rínọlá ńkọ́? Etí rẹ pé. Kí ló ti ìwọ mọ́lé? Lọ kan ilẹ̀kùn ẹni yẹn. Má fi ọ̀la lọ́la bíi tèmi. Mo bẹ̀ ọ́.

Bàbá rẹ tí wọ́n fà yọ nínú iná.


Hull.
4 oṣù Kẹjọ, 2024.

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Mo ka ìwé yín nínú bọ́ọ̀sì, mo sunkún débi pé obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dìde lọ jókòó síbòmíràn. Mo ti bá Màmá Maro sọ̀rọ̀, mo ní kí wọ́n fi apá wọn hàn mí. Wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn kò tó ohun tí màmá mi ṣe fún àwọn. Mo ń wo apá náà lórí fóònù ṣáá.

Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí mi ò ṣiṣẹ́, mo dín dòdò, mo fi ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ sí abọ́ kan, mo fi fóìlì bò ó. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó dáa. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ ni láti ẹnu ọ̀nà mi dé tiwọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ni mo ti kọ́ sórí.

Mo kan ilẹ̀kùn. Etí mi pé lóòótọ́, Bàbá, bí ẹ ṣe wí. Mo gbọ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, mo gbọ́ nígbà tí wọ́n pa á. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó rìn bọ̀ wá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó sì dúró. Ẹni náà wà níbẹ̀, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo kí i. Mo ní Ẹ̀rínọlá lorúkọ mi, yàrá tó kàn án ni mò ń gbé, mo gbé oúnjẹ díẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó rọra yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, tó ti ilẹ̀kùn náà pa.

Mo ṣì dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, abọ́ náà ń jó mi lọ́wọ́.

Ọmọ yín,
Ẹ̀rínọlá.